Ọgbẹ́ lórí bébà funfun: Somnath Hore, ayàwòrán àti olùkọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí íǹkì ò tíì bọ́ lọ́wọ́ yín, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ayàwòrán kan tó fi títẹ àwòrán ṣiṣẹ́, ìyẹn kéèyàn fín àwòrán sára pátákó tàbí páànù kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tó sì tún ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ará Yúróòpù. Wọ́n ní ti Yúróòpù ti sú àwọn. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká lọ sí Bengal, ilẹ̀ tí Íńdíà àti Bangladesh pín láàárín ara wọn lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi fojú inú wo bébà kan. Funfun báláú ni, kò sí ìlà íǹkì kan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń yára kọjá á rò pé wọ́n gbàgbé láti ya nǹkan sí i ni. Àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìgbà yẹn lẹ ó tó rí i pé ojú bébà náà ti là níbì kan, etí ibi tó là wú sókè, inú rẹ̀ jìn, òjìji díẹ̀ sì sùn síbẹ̀. Tí ẹ bá dúró pẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ara ènìyàn lẹ̀ ń wò, ibi tí ọ̀bẹ gbà wọlé.

Láti 1971 ni Somnath Hore ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú bébà yìí, orúkọ kan náà ló sì ń pè wọ́n: Ọgbẹ́. Ó ti pé ẹni 50 ọdún nígbà náà. Ọkùnrin yìí kan náà, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 22, àwọn tí ebi ti sọ di egungun ló ń yà, ojú, ẹsẹ̀, àwo tó ṣófo, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Báwo ló ṣe wá dé ibi tí kò ti ya ojú ẹnikẹ́ni mọ́, tó jẹ́ ọgbẹ́ nìkan ló kù? Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyẹn. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ olùkọ́ wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín lẹ máa gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí i, ní abúlé Barama ní agbègbè Chittagong, ibi tó ti di ara Bangladesh lónìí. Kò tíì dàgbà tí baba rẹ̀ fi kú. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó bá àwọn ẹgbẹ́ Kọ́múníìstì rìn, pósítà ló sì ń kọ fún wọn lọ́wọ́. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan.

Ìyàn Bengal ló sọ ọ́ di ayàwòrán. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ò ka nǹkan kan nípa rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣàkóso àwa àti àwọn nígbà náà. Ní 1942, Japan gba Burma, ìrẹsì tó ń ti ibẹ̀ wọ Bengal sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé Japan lè gba etí òkun wọlé. Ni wọ́n bá kó ìrẹsì kúrò ní àwọn agbègbè etíkun, wọ́n sì gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, wọ́n ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́. Ilẹ̀ olómi ni ìlà-oòrùn Bengal. Tí o bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé níbẹ̀, o ti gba ọjà, o ti gba oko, o sì ti gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjì ńlá tún jà ní oṣù October ọdún náà, ó gbá ìrẹsì tó wà lóko lọ. Àwọn tó ní ìrẹsì nílé kó o pamọ́, owó rẹ̀ lọ sókè ju ohun tí alágbàṣe lè rí lọ. Ní ti ìjọba, àwọn ọmọ ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá Calcutta ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá oúnjẹ fún. Láàárín mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ni àwọn onímọ̀ ṣírò pé ìyàn 1943 yẹn àti àrùn tó tẹ̀ lé e pa. Kì í ṣe pé òjò kọ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Hore sì mọ̀.

Ayàwòrán kan wà tó ń jẹ́ Chittaprosad, ó ju Hore lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Òun ló mú un kiri òpópónà àti ilé-ìwòsàn Chittagong, tó ní kó jókòó ti àwọn tó ń kú lọ, kó yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni àwọn àwòrán náà ń lọ. Iṣẹ́ yìí ò ṣeré o. Ìwé kan tí Chittaprosad fúnra rẹ̀ ṣe lórí ìyàn náà, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n sì dáná sun ún.

Nítorí náà, nígbà tí Hore wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Calcutta ní 1945, ó ti kọ́ bí a ti ń ya ara ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ tiwọn níwájú ère funfun tí wọ́n kó wá láti òkèèrè. Ẹ̀gbẹ́ òkú lòun ti kọ́ tiẹ̀. Zainul Abedin wà lára àwọn olùkọ́ tó bá níbẹ̀, òun náà ti ya ìyàn yẹn lọ́nà tí Bengal ò lè gbàgbé. Safiuddin Ahmed ló kọ́ ọ ní títẹ àwòrán. Lẹ́yìn tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, àwọn méjèèjì kó lọ sí Dhaka, wọ́n wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948. Hore dúró sí Calcutta.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ó ti lọ sí Rangpur lápá àríwá Bengal ní òpin 1946. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló dìde níbẹ̀. Ìdajì ìkórè ni wọ́n máa ń kó fún onílẹ̀, wọ́n wá ní ó tó gẹ́ẹ́: kí ìkórè pín sọ́nà mẹ́ta, kí àwọn mú méjì, kí onílẹ̀ mú ọ̀kan. Tebhaga ni wọ́n ń pe ìjà náà. Hore sùn sọ́dọ̀ wọn, ó ń kọ ohun tó rí sínú ìwé lójoojúmọ́, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù ya àwọn ìpàdé alẹ́, àwọn tó ń kórè lábẹ́ àsíá, àwọn obìnrin tó mú igi dání. Láti ara àwọn àwòrán wọ̀nyí ló ti gbẹ́ àwọn pátákó tó sọ ọ́ dolókìkí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ́ pátákó rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó o bá gbẹ́ kúrò ni yóò jẹ́ funfun, ohun tó o fi sílẹ̀ ni yóò mu íǹkì. Nínú àwòrán ìpàdé alẹ́ kan, àtùpà kan ṣoṣo ló wà láàárín. Láti ibẹ̀ ni Hore ti fi irin fín ìmọ́lẹ̀ jáde, ìlà tín-ín-rín, ìlà tín-ín-rín, títí ó fi kan iwájú orí ẹnìkan, èjìká ẹlòmíràn, etí aṣọ ẹni kẹta. Ibi tí kò fọwọ́ kàn ṣókùnkùn biribiri. Ó ti rí iṣẹ́ àwọn agbẹ́pátákó Ṣáínà ìgbà náà, ó sì mọ ti ayàwòrán obìnrin Jámánì nì, Käthe Kollwitz. Síbẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀: kò sọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbẹ̀ náà di akọni. Ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń tẹ́tí sílẹ̀. Lójú tèmi, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi rán ayàwòrán ní ọ̀rúndún tó kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló tó èyí.

Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Kọ́múníìstì ní West Bengal ní 1948. Hore sá pamọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì falẹ̀. Nígbà tó yá, òun àti ẹgbẹ́ náà pínyà wẹ́rẹ́, láìpariwo. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó kàn mí ni pé láti 1954 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Calcutta, nígbà tó sì di 1958, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka títẹ àwòrán ní Delhi Polytechnic. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀.

Ní Íńdíà nígbà yẹn, bó o bá ní o fẹ́ fi títẹ àwòrán jẹun, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwòrán ọ̀dà lórí aṣọ ni àwọn olówó ń rà. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tó ní ẹ̀dà mẹ́wàá, ogún, wọ́n kà á sí nǹkan tálákà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán títẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn àlùfáà Páàdì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Goa ní 1556. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn agbẹ́pátákó àdúgbò Battala ní Calcutta ń tẹ àwòrán òrìṣà àti àwòrán yẹ̀yẹ́ fún mẹ̀kúnnù. Nígbà tó di 1894, Ravi Varma gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ nítòsí Bombay, ó ń tẹ àwọn òrìṣà aláràbarà tó wọ ilé gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Irú ọjà aláràbarà yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwòrán Mami Wata, obìnrin onírun gígùn tó fi ejò kọ́rùn: Hamburg ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ní 1955, ilé-iṣẹ́ Shree Ram Calendar Company ní Bombay tún un tẹ̀ fún oníṣòwò kan ní Kumasi, ẹ̀dà 12,000. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri etí òkun wa, ó dé ojúbọ ní Togo àti Benin, ó sì dé Nàìjíríà. Nítorí náà, bébà tí wọ́n tẹ̀ ní Íńdíà ti wà lára ògiri wa kó tó di pé ẹnì kankan níhìn-ín gbọ́ orúkọ Hore. Irú àwòrán aláràbarà yẹn ló kún ojú àwọn ará Íńdíà nígbà tí Hore ń wá dúdú àti funfun kiri.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Delhi. Iṣẹ́ páànù ló gbájú mọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin àlejò tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà, báyìí ló ṣe ń lọ. Ẹ ó mú páànù síǹkì tàbí bàbà, ẹ ó fi ìda bò ó lójú. Ẹ ó fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà, kí ojú irin yọ níbi tí ẹ bá fẹ́ kí ìlà wà. Ẹ ó wá rì í sínú omi ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti ha ni ásíìdì á jẹ. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ìlà á jìn, á sì dúdú. Tó bá tètè jáde, ìlà á fẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó yọ ìda kúrò, ẹ ó ra íǹkì sí i lójú, ẹ ó nù ún mọ́ títí yóò fi jẹ́ pé inú kòtò ìlà nìkan ni íǹkì kù sí. Bébà tí wọ́n ti fi omi rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé e, tí ẹ̀rọ á fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ wọ inú kòtò lọ fa íǹkì náà jáde.

Hore fi ìyẹn dán oríṣiríṣi àwọ̀ wò. Ọ̀kan nínú wọn tó pè ní Ìbí Ròósì Funfun wà lára iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Lalit Kala Akademi, àjọ iṣẹ́ ọnà ìjọba àpapọ̀, sì fún un ní ẹ̀bùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìgbà náà. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan lọ sílé, mi ò ní mú èyíkéyìí nínú aláwọ̀ wọ̀nyẹn. Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ níbẹ̀ ló wú mi lórí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ogún lọ́dọọdún bí ásíìdì ṣe ń jẹ irin, ojoojúmọ́ ló ń rí ohun tí ásíìdì ń ṣe fún irin náà. Ó jẹ páànù akẹ́kọ̀ọ́ kan jù, ó lu. Ti ẹlòmíràn ò jinlẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀, kó sì ṣàlàyé. Tó bá wá di alẹ́, tí gbogbo wọn lọ sílé, kí lẹ rò pé ojú rẹ̀ ń rí lórí páànù tí ásíìdì ti bàjẹ́ yẹn? Èmi gbà pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé fífín, híha, jíjẹ, gbogbo ohun tí òun ń fi ṣe àwòrán, ìpalára ni. Kò tún sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ya ẹni tí wọ́n pa lára. Ó lè pa bébà fúnra rẹ̀ lára.

Owó oṣù olùkọ́ tún wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tijú àtisọ ọ́. Owó yẹn kéré, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kó máa wo ojú oníbàárà. Ẹni tó ń ta àwòrán kó tó jẹun kì í tẹ bébà funfun tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Ó kúrò ní Delhi ní 1967, ó padà sí Calcutta. Ó tún lọ kọ́ni díẹ̀ ní Baroda. Dinkar Kaushik, tó jẹ́ ọ̀gá Kala Bhavana, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Santiniketan, ló wá pè é, ó sì dé ibẹ̀ ní 1969 gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka títẹ àwòrán. Ní Santiniketan ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Tagore, akéwì Bengal, dá sílẹ̀ wà. Visva-Bharati tí wọ́n ń pè é yìí, ọdún 1921 ni, ọdún kan náà tí wọ́n bí Hore. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ramkinkar Baij, oníṣẹ́ ère tó ń fi sìmẹ́ńtì àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ ère ńlá ńlá síta gbangba, ṣì wà láyé níbẹ̀ nígbà náà. Sanat Kar àti Lalu Prasad Shaw náà kọ́ni ní ẹ̀ka títẹ àwòrán yìí. Ibẹ̀ ni Hore gbé títí tó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ náà ló sì kú sí.

Ní 1971, ogun ń lọ ní ìlà-oòrùn Bengal níbi tí wọ́n bí i sí, àwọn tó ń sá ogun kún West Bengal. Ní Calcutta, ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀dọ́ Naxalite, àwọn Kọ́múníìstì tó gbé ohun ìjà, ń pa ara wọn ní òpópónà. Vietnam ṣì ń jó. Ìgbà yẹn ni Ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń ṣe é. Ó máa ń tẹ́ amọ̀ tàbí ìda pẹrẹsẹ. Á fi ọ̀bẹ là á, á fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lójú, á gún un, á fà á ya. Tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á da sìmẹ́ńtì lé e lórí, kí sìmẹ́ńtì náà gba àwòrán ojú rẹ̀. Kòtò inú amọ̀ á di ohun tó yọ sókè lára sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni bébà. Kì í lo bébà bó ṣe wà. Á rẹ ẹ́ sómi, á pò ó títí yóò fi rọ̀ bí ògì, á wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú sìmẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀, á fún omi inú rẹ̀ dànù, á fi sílẹ̀ kó gbẹ. Tó bá ṣí i kúrò, ohun tó yọ sókè lára sìmẹ́ńtì ti tún di kòtò lára bébà. Ọgbẹ́ ti padà sí ipò rẹ̀. Kò lo ẹ̀rọ, kò lo íǹkì. Sìmẹ́ńtì kan náà sì lè bí ẹ̀dà mélòó kan, nítorí náà àwòrán àtẹ̀ ṣì ni, ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ń wá ẹjọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe ń bọ́ nǹkan sílẹ̀ láti 1943. Pósítà ní ọ̀rọ̀ lára. Pátákó kò ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní èrò. Páànù ní ènìyàn kan, méjì. Bébà funfun ò ní ẹnì kankan, kò tún ní àwọ̀, ó sì wá jẹ́ pé ẹ ò lè mọ̀ bóyá ará Vietnam, ará Chittagong tàbí ọmọ Calcutta ni wọ́n gé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé èyí ti jìnnà sí àwọn àgbẹ̀ Rangpur jù, pé ó ti sá fún ìjà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Tebhaga ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ohun tó ń wá lẹ́yìn náà kò ní.

Láti 1974 ló ti ń da idẹ. Ìda ló fi ń mọ ọ́n kó tó dà á, ọ̀nà kan náà tí àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ gbà da orí ọba. Àmọ́ wọ́n dán tiwọn títí ó fi jọ̀lọ̀. Hore fi tiẹ̀ sílẹ̀ láìdán, pẹ̀lú ojú ibi tí ọ̀bẹ ti la ìda, egungun yọ, ẹran ara ò tó nǹkan. Èyí tó tóbi jù nínú wọn nígbà náà ni Ìyá àti Ọmọ tó parí ní 1977, tó ṣe ní ìrántí àwọn ará Vietnam. Wọ́n jí i gbé ní Kala Bhavana láìpẹ́ lẹ́yìn tó parí rẹ̀, kò sì padà mọ́. Hore ti kú tán ní October 2006 kí ìjọba Íńdíà tó fi oyè Padma Bhushan dá a lọ́lá ní 2007. Báyìí náà ni ìjọba ṣe ń ṣe nílé wa níbí.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Bàbá kan béèrè pé ṣé kò burú láti sọ ìyà ọmọlàkejì di ohun tí a fi ń ṣọ̀ṣọ́ ògiri. Mo ní ẹ̀yin bàbá ti bi mí ní ohun tó le jù, àmọ́ Hore ni mo fi máa dáhùn: àwọn bébà funfun yẹn kì í ṣọ̀ṣọ́ ògiri rárá, torí bí ògiri bá funfun, wọ́n á sọnù sínú rẹ̀. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ wá iná tí yóò máa tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ra nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó dáa ní ẹ̀ka wa, ṣé a lè ṣe ti bébà yìí?" Ẹ lè ṣe é. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, íǹkì ara rẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ di aláwọ̀ eérú, á sì tètè pọ́n. Ẹ wá gígé aṣọ òwú funfun lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, tàbí bébà yíyà tí kò ní ìkọ̀wé, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, aṣọ ni kí ẹ sè kí ẹ tó gún un. Ẹ fi ọ̀rá tàbí epo díẹ̀ pa ojú sìmẹ́ńtì kí bébà má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji, oòrùn ọ̀sán á mú kó ká. Bí ó bá sì ya nígbà tí ẹ̀ ń ṣí i, ẹ fi hàn mí kí ẹ tó jù ú nù.